Ìtàn Ọmọ: Bí A Ṣe Ń Dúró De Àyẹ̀wò Ọ́tísíìmù ní Ẹdẹ

Ẹ̀yin tí ẹ ti ń bá wa bọ̀ mọ̀ pé ìtàn là ń sọ níbí: ìtàn ọba, ìtàn ogun, ìtàn bí ọ̀nà rélùwéè ṣe dé ilẹ̀ wa. Lónìí, ìtàn ìdúró ni mo fẹ́ sọ. Láti Ẹdẹ ni mo ti ń bá yín sọ̀rọ̀, ìlú Tìmì, Ẹdẹ Màpó Arógun, ọ̀rọ̀ náà sì kàn mí gbọ̀ngbọ̀n.

Ọmọ mi ọkùnrin ti pé ọdún mẹ́rin. N kò ní pe orúkọ rẹ̀ gan-an lórí ètò. Ẹ jẹ́ ká máa pè é ní Àkànní. Kò tíì sọ gbólóhùn kan tó délẹ̀. Bí ẹ bá pe orúkọ rẹ̀, ó lè má bojú wẹ̀yìn, ṣùgbọ́n bí ẹnìkan bá já ọ̀rá bisikíìtì ní yàrá kejì, yóò ti débẹ̀. Dókítà ọmọdé tí a kọ́kọ́ rí ní kí a lọ ṣe àyẹ̀wò ọ́tísíìmù, ó sì kọ ìwé fún wa lọ sí ilé ìwòsàn ńlá kan. Oṣù keje rèé tí ìwé náà ti wà níbẹ̀. Wọ́n ti sún ọjọ́ wa síwájú lẹ́ẹ̀mejì. Ìgbà àkọ́kọ́, ìyanṣẹ́lódì ni. Ìgbà kejì, wọ́n ní ẹni tó ń ṣe àyẹ̀wò náà ti jápa.

Nítorí náà, ìbéèrè méjì ni mo gbé wá. Kí ló dé tí àyẹ̀wò tí kò gba abẹ́rẹ́, tí kò gba ẹ̀jẹ̀, fi ń pẹ́ tó báyìí? Àti pé ta ló kọ́kọ́ ṣe irú àyẹ̀wò yìí fún ọmọ ẹlòmíì?

Ohun tí ẹ̀rọ kò lè rí

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti ilé. Ní Ẹdẹ yìí kan náà, nínú ọgbà Yunifásítì Redeemer's, ibùdó ìwádìí kan wà tí wọ́n ń pè ní ACEGID tẹ́lẹ̀. Ọ̀jọ̀gbọ́n Christian Happi ló dá a sílẹ̀. Nígbà tí àrùn Kòrónà wọ Nàìjíríà, ibẹ̀ ni òun àtàwọn alábàáṣiṣẹ́pọ̀ rẹ̀ ti ka àkọsílẹ̀ jíìnì kòkòrò náà ní oṣù kẹta ọdún 2020, èyí tí í ṣe àkọ́kọ́ irú rẹ̀ ní gbogbo ilẹ̀ Áfíríkà. Ọjọ́ díẹ̀ ni wọ́n fi ṣe é. Mo máa ń kọjá níwájú ọgbà yẹn, mo sì máa ń rò ó pé ìlú tó lè ka ohun tí ojú kò rí láàárín ọjọ́ díẹ̀, kí ló dé tí kò sí ẹni tí yóò wo ọmọ tó ń sáré kiri lójú gbogbo ayé?

Ìdáhùn rẹ̀ ni pé iṣẹ́ méjèèjì kò jọra. Kòkòrò àrùn máa ń fi ara rẹ̀ sílẹ̀ nínú itọ́ tàbí ẹ̀jẹ̀, ẹ̀rọ á sì mú un. Ọ́tísíìmù kò ní àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀, kò sì ní fọ́tò orí tó lè fi í hàn. Ẹni tó ti kọ́ṣẹ́ ni yóò jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ pẹ̀lú ọmọ, tí yóò fẹ́ ìfófòó ọṣẹ sáfẹ́fẹ́, tí yóò yí bọ́ọ̀lù sí i, tí yóò máa wò ó. Ṣé ọmọ náà ń nawọ́ sí ohun tó wù ú? Ṣé ó ń wo ojú ènìyàn láti mọ ohun tí onítọ̀hún ń rò? Ṣé ó ń ṣeré bí ẹni ń rokà tàbí bí ẹni ń wakọ̀? Wọ́n á ti kọ́kọ́ yẹ etí rẹ̀ wò, kí a má baà pe adití ní ohun tí kò jẹ́. Lẹ́yìn náà ni wọn yóò kọjú sí òbí: Ìgbà wo ló jókòó? Ìgbà wo ló rìn? Ọ̀rọ̀ wo ló kọ́kọ́ sọ, ṣé ó sì sọ ọ́ nù lẹ́yìn náà? Ta ló pẹ́ kó tó sọ̀rọ̀ nínú ẹbí?

Ẹ̀yin olùgbọ́ mi, ṣé ẹ rí i? Ìtàn ni wọ́n ń béèrè. Apá ńlá nínú àyẹ̀wò yìí, ìtàn ọmọ ni, ẹni tó sì lè sọ ọ́ kò sí nílé ìwòsàn. Ilé ló wà.

Létà ojú ewé 33

Bí ẹ bá béèrè bí ayé ṣe mọ̀ nípa ọ́tísíìmù, ọ̀pọ̀ ìwé yóò dárúkọ dókítà kan fún yín. Ṣùgbọ́n kí dókítà náà tó kọ ohunkóhun, bàbá ọmọ kan ti kọ tirẹ̀.

Ní ìlú kékeré kan tó ń jẹ́ Forest, ní ìpínlẹ̀ Mississippi ní Amẹ́ríkà, wọ́n bí ọmọkùnrin kan ní 1933, Donald Triplett. Ó ti ń kọ orin láìṣìnà ní kékeré. Ó ń yí nǹkan bí ẹni ń ta òkòtó, inú rẹ̀ á sì máa dùn. Ṣùgbọ́n bí bàbá rẹ̀ bá wọlé, bí ẹni pé kò sẹ́ni tó wọlé ni. Nígbà tó pé ọmọ ọdún mẹ́ta, wọ́n gba àwọn òbí rẹ̀ nímọ̀ràn pé kí wọ́n fi í sí ilé ìtọ́jú, wọ́n sì fi í síbẹ̀. Nígbà tó fi máa tó ọdún kan, wọ́n lọ mú ọmọ wọn padà wálé.

Ní 1938, bàbá rẹ̀, tó jẹ́ agbẹjọ́rò, kọ létà sí Dókítà Leo Kanner nílé ìwòsàn Johns Hopkins ní Baltimore. Ojú ewé 33 ni wọ́n tẹ létà náà sí. Kì í ṣe ẹ̀dùn ọkàn ló kún inú rẹ̀. Ohun tí ọmọ náà ń ṣe ló wà níbẹ̀: bó ṣe ń jẹun, bó ṣe ń sọ̀rọ̀, ohun tó ń mú un bínú. Nígbà tí Kanner gbé ìwádìí rẹ̀ jáde ní 1943 lórí ọmọ 11, ọkùnrin 8 àti obìnrin 3, Donald ni ọmọ àkọ́kọ́ nínú rẹ̀, ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀ tó sì wà nípa rẹ̀, inú létà bàbá rẹ̀ ló ti wá.

Òótọ́ ni pé Kanner nìkan kọ́ ló rí i. Dókítà obìnrin kan ní Rọ́ṣíà, Grunya Sukhareva, ti ṣàpèjúwe irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀ láàárín ọdún 1925 sí 1926, Hans Asperger náà sì kọ tirẹ̀ ní Vienna ní 1944. Ṣùgbọ́n létà ojú ewé 33 yẹn ni n kò lè gbàgbé. Donald fúnra rẹ̀ dàgbà sí Forest, ó ṣiṣẹ́ ní báńkì, ó ń wa mọ́tò, ó ń gbá gọ́ọ̀fù. Ẹni ọdún 89 ni nígbà tó kú ní 2023.

“Èyí tí kò dára ni ti ìyá”

Ó yẹ kí òbí ti gba oríyìn lẹ́yìn létà yẹn. Ẹ̀bi ni wọ́n gbà. Fún nǹkan bí ogún ọdún lẹ́yìn 1943, ohun tí ọ̀pọ̀ onímọ̀ ń sọ ní Amẹ́ríkà àti Yúróòpù ni pé ìyá tí ọkàn rẹ̀ tutù bíi yìnyín ló ń sọ ọmọ di bẹ́ẹ̀. Bruno Bettelheim kọ odindi ìwé lé e lórí ní 1967. Ṣé ẹ rántí òwe wa tó ní ọmọ tó dára ni ti baba, èyí tí kò dára ni ti ìyá? Òwe ni tiwa. Àwọn ti sọ tiwọn di ẹ̀kọ́ yunifásítì.

Ẹni tó kọ́kọ́ fi ìwé ja ọ̀rọ̀ náà níyàn gidigidi ni Bernard Rimland. Onímọ̀ nípa ìhùwàsí ẹ̀dá ni, ọmọ tirẹ̀ náà sì ní ọ́tísíìmù. Ìwé rẹ̀ jáde ní 1964. Àwọn òbí ní ìlú London ti dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ ní 1962, kí ìwé náà tó jáde. Lorna Wing, dókítà ọpọlọ tó ní ọmọbìnrin tó ní ọ́tísíìmù, wà nínú wọn.

Ẹ wá wo ẹni tó tú ìdí ọ̀rọ̀ náà: àwọn ìbejì! Ní 1977, Susan Folstein àti Michael Rutter wo ìbejì 21 ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Nínú ìbejì 11 tí ẹyin kan ṣoṣo pín sí méjì, a rí mẹ́rin tí Táíwò àti Kẹ́hìndé jọ ní ọ́tísíìmù. Nínú 10 tó jẹ́ ẹyin méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, kò sí ẹyọ kan. Ìyá kan náà ló tọ́ wọn, inú ilé kan náà. Bó bá jẹ́ ọwọ́ ìyá ló fà á, kò yẹ kí ìyàtọ̀ yẹn wà. Láti ìgbà náà ni àwọn onímọ̀ ti ń wá ohun tó fà á nínú àjogúnbá, tí wọ́n sì ń fi ìyá sílẹ̀.

Nílẹ̀ wa, ẹ̀bi náà kò tíì kúrò lọ́rùn ìyá. N kò ní tan yín: wọ́n ti sọ fún mi pé ẹmẹ̀rẹ̀ lọmọ mi. Wọ́n ti bi mí ohun tí mo jẹ nígbà oyún àti ibi tí mo gbà kọjá lọ́sàn-án gangan. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń béèrè kò fi ibi sínú. Wọ́n ń wá ìdí ni, bí èmi náà ṣe ń wá a. Ṣùgbọ́n ọmọ mìíràn wà tí wọ́n ti sín gbẹ́rẹ́ fún, tí wọ́n ti fi ebi pa nítorí ààwẹ̀, tí wọ́n ti nà kí ẹ̀mí tó wà lára rẹ̀ lè jáde. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nìyẹn níbi tí àyẹ̀wò kò bá tètè dé.

Ọ̀nà tí a gbà dé ibi tí a wà

Ní Nàìjíríà, ibi tí ìjọba amúnisìn kọ́kọ́ ṣe fún àwọn tí ọpọlọ wọn kò pé, ibi ìhámọ́ ni. Ti Kàlàbá ṣí ní 1904, ti Yábàá ṣí ní 1907. Òfin wèrè ti 1916 ló wá tẹ̀ lé e. Kì í ṣe ìtọ́jú ni òfin náà ń wá. Bí wọ́n ṣe máa kó ènìyàn kúrò nígboro ni. Ẹ gbọ́ o: oṣù kìn-ín-ní ọdún 2023 ni ààrẹ tó buwọ́ lu òfin ìlera ọpọlọ tuntun tó gba ipò rẹ̀.

Ní 1954, ọmọ Abẹ́òkúta kan, Dókítà Thomas Adéoyè Lambo, bẹ̀rẹ̀ ohun mìíràn ní Àrò. Dípò kó ti aláìsàn mọ́lé, ó ní kí wọ́n máa gbé inú abúlé tó yí ilé ìwòsàn ká, kí ẹbí bá wọn wá, kí wọ́n máa gba ìtọ́jú lójúmọmọ. Gbogbo ayé wá wo àṣeyọrí Àrò. Lambo mọ̀ pé ẹbí kì í ṣe èrò ìwòran níbi ìtọ́jú. Ṣùgbọ́n àgbàlagbà ló pọ̀ jù níbẹ̀. Ọmọdé tí kò sọ̀rọ̀ ṣì wà nílé.

Ní 1978, onímọ̀ kan tó ń jẹ́ Victor Lotter gbé ìròyìn jáde pé òun ti wá ọ́tísíìmù kiri àwọn ìlú ńlá kan nílẹ̀ Áfíríkà, Nàìjíríà sì wà lára wọn. Ìwọ̀nba ló rí. Àwọn kan ka ìròyìn náà, wọ́n ní bóyá àrùn òyìnbó ni. Ṣùgbọ́n ibi tó wò ni kí ẹ wò: àwọn ilé ìtọ́jú ọmọ tó ní àléébù ọpọlọ. Ọmọ tí ìyá rẹ̀ pọ̀n sẹ́yìn lọ sọ́jà Tìmì kò sí níbẹ̀. Ọmọ tí ìyá àgbà ń tọ́ lóko kò sí níbẹ̀. Ẹni tí a kò kà, bí ẹni tí kò sí ló rí nínú ìwé.

Nígbà tí àwọn dókítà tiwa bẹ̀rẹ̀ sí í wò, wọ́n rí wọn. Ní 2014, Dókítà Ìkéolúwa Lágúnjú àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní UCH Ìbàdàn sọ pé nínú ọmọ 2,320 tó wá sí kílíníìkì wọn fún àìsàn ọpọlọ àti iṣan, 54 ló ní ọ́tísíìmù. Ní 2011, Dókítà Muideen Bákàrè àti Kerim Munir tọ́ka sí ohun kan tó bà mí lọ́kàn jẹ́: àwọn ọmọ tí kò sọ̀rọ̀ rárá ló pọ̀ jù nínú àwọn tó ń dé ilé ìwòsàn ní Áfíríkà, wọ́n sì rò pé ó ṣeé ṣe kó jẹ́ nítorí pé a kì í tètè mọ̀, a kì í sì í tètè ràn wọ́n lọ́wọ́. Ọdún tó ń lọ lórí ìdúró ń gba nǹkan lọ́wọ́ ọmọ. Ìdí nìyí tí oṣù méje kì í fi í ṣe oṣù méje lásán fún èmi.

Iṣẹ́ ń lọ o. Ní Yunifásítì Ìbàdàn, wọ́n dá ibùdó sílẹ̀ fún ìlera ọpọlọ àwọn ọmọdé àti ọ̀dọ́, lábẹ́ Ọ̀jọ̀gbọ́n Ọláyínká Omigbódùn, tó jẹ́ obìnrin àkọ́kọ́ tó di ọ̀jọ̀gbọ́n nínú ìmọ̀ ìṣègùn ọpọlọ ní Nàìjíríà. Wọ́n ń kọ́ àwọn ará Áfíríkà mìíràn níṣẹ́ níbẹ̀ pẹ̀lú. Ṣùgbọ́n bí wọ́n ṣe ń kọ́ wọn ni àwọn kan ń lọ. Iye tí a máa ń gbọ́ ni pé dókítà ọpọlọ tó ṣẹ́kù ní gbogbo Nàìjíríà kò tó 300, fún èèyàn tó lé ní 200 mílíọ̀nù. Díẹ̀ nínú wọn ló sì jẹ́ ti ọmọdé. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kárí ayé, nǹkan bí ẹnì kan nínú 127 ló ní ọ́tísíìmù ní ọdún 2021. Ẹ̀yin náà ẹ ṣírò rẹ̀.

Àwọn ará wa tó wà ní London á ní ẹ̀hìn-ọ̀hún náà kò yá. Òótọ́ ni. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àwọn tó ń dúró de àyẹ̀wò ọ́tísíìmù ti lé ní 200,000 nígbà tí ọdún 2024 fi máa parí. Ṣùgbọ́n ìyàtọ̀ kan wà. Àwọn lè ka iye ẹni tó wà lórí ìlà, nítorí ìlà wà, orúkọ sì wà níbẹ̀. Tiwa, ọ̀pọ̀ ọmọ kò tíì dé orí ìlà kankan.

Òpìtàn inú ilé

Àwọn bàbá wa ní bí ọmọdé kò bá bá ìtàn, yóò bá àrọ́bá, àrọ́bá sì ni baba ìtàn. Nígbà tí mo ka ìtàn létà yẹn, mo ra ìwé alójú ewé 80 kan ní Òkè Gadà. Ìtàn Àkànní ni mò ń kọ sínú rẹ̀ láti ìgbà náà, pẹ̀lú déètì. N kì í kọ “kò gbọ́ràn”. Ohun tí ojú mi rí ni mò ń kọ: “Mo pè é lẹ́ẹ̀márùn-ún, ó wẹ̀yìn lẹ́ẹ̀kan.” “Ó fà mí lọ́wọ́ lọ sí ìdí fíríìjì, kò nawọ́ sí i.” “Ó sunkún nígbà tí wọ́n tan jẹnẹrétọ̀, ó fi ọwọ́ di etí.”

Ohun kan wà tí mi ò bá má rí bí kì í bá ṣe pé mò ń kọ ọ́. Ọmọ mi ń kùn ohùn ọ̀rọ̀ láìsí ọ̀rọ̀ nínú rẹ̀. Bí ebi bá ń pa á, á máa kùn ún: dò dò mí, mí re re. Ó pẹ́ kí n tó mọ̀ pé “Àkànní, wá jẹun” ni, bí mo ṣe máa ń pè é gan-an. Ìlú ìlù ni Ẹdẹ. Tìmì Adétóyèṣe Láoyè, tó jọba níbí láti 1946 sí 1975, ọba ni, onílù ni, ó sì fi han ayé pé awọ lè sọ̀rọ̀ láìní ẹnu. A kì í sọ pé dùndún yadi. Mo ti kọ èyí náà sínú ìwé, nítorí ẹni tí yóò ṣe àyẹ̀wò lè máà gbọ́ ọ láàárín wákàtí kan.

Ìyá ọkọ mi ló fún mi ní ojú ewé tó níyì jù. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, wọ́n ń wò mí bí mo ṣe ń kọ, wọ́n ní, “Ṣé o ti kọ ti bàbá ọkọ rẹ àgbà síbẹ̀? Ó ti lé lọ́mọ ọdún márùn-ún kó tó sọ̀rọ̀. Àgbẹ̀ ni, ó mọ orúkọ gbogbo igi inú oko, ṣùgbọ́n kò lè bá èèyàn mẹ́ta jókòó.” Mo ní, “Ẹ ṣé, Mọ̀ọ́mi,” mo sì kọ ọ́. Wọ́n ti ń sọ ọ́ fún wa tipẹ́ bí àwàdà. Ìtàn ẹbí ni, òun náà sì wà lára ohun tí wọn yóò béèrè.

Ìwé náà kò rọ́pò àyẹ̀wò o. Mo ṣì fẹ́ kí ẹni tó kọ́ṣẹ́ wo ọmọ mi, mo sì fẹ́ ẹ lónìí ju ọ̀la lọ. Ṣùgbọ́n a kò dúró lásán. A ti yẹ etí rẹ̀ wò. Etí rẹ̀ pé. A ń bá a ṣeré lójúkojú lójoojúmọ́, a ń dúró kó ké sí wa kí a tó nawọ́ ohun tó fẹ́ sí i. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní ìdálẹ́kọ̀ọ́ kan fún òbí àwọn ọmọ tí ìdàgbàsókè wọn ń falẹ̀, ìpàdé mẹ́sàn-án àti àbẹ̀wò sílé mẹ́ta, ẹnikẹ́ni kò sì nílò ìwé àyẹ̀wò kó tó ṣe é. Bí ilé ẹ̀kọ́ bá sì fẹ́ lé ọmọ yín, ẹ rántí pé òfin tí ààrẹ buwọ́ lù ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2019 fún ẹni tó ní àìpé ara ní ẹ̀tọ́ sí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ títí dé ilé ẹ̀kọ́ gírámà.

Wọ́n ti dá ọjọ́ mìíràn fún wa. Bí wọ́n bá tún sún un, a ó tún lọ. Ẹ̀yin tí ẹ wà lórí ìdúró bíi tèmi, ẹ wá ìwé kan, ẹ kọ déètì ọjọ́ òní sókè rẹ̀, kí ẹ kọ ohun kan tí ọmọ yín ṣe láàárọ̀ yìí. Lẹ́yìn náà, ẹ lọ bá ẹni tó dàgbà jù nínú ẹbí, kí ẹ bi wọ́n pé ta ló pẹ́ kó tó sọ̀rọ̀.